Ẹ Má Yọ Ẹni Tó Ń Gbọ́ Kúrò Nínú Ìtàn

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, àwọn tá a jọ ń ṣe rísáàṣì l'Abẹ́òkúta níbí á sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá lọ gba ìtàn lẹ́nu èèyàn fún iṣẹ́ ìwádìí, ẹni tó jókòó tó ń gbọ́ ìtàn yẹn wà nínú ìtàn náà. Yálà ẹ̀yin ni o, àbí ọmọ iṣẹ́ tó ń di aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àbí kọ́sítọ́mà tó yà wọlé wá nájà, gbogbo wọn ni ẹni yẹn ń wò tó fi ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá yọ wọ́n dà nù nígbà tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ gbé lọ fún sùpáfáísọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún yín mọ́.

Bí a ṣe sábà máa ń ṣe é nìyí. Ọmọ yunifásítì á gbé fóònù, á lọ sí Ìtòkú lọ bá àwọn aládìrẹ, tàbí kó gba Lafẹ́nwá lọ bá àwọn alápatà, á bi wọ́n ní ìbéèrè tó ti tẹ̀ sínú ìwé látilé, á gba ohùn wọn sílẹ̀. Tó bá délé, á yí gbogbo ẹ̀ sí gẹ̀ẹ́sì kó tó rò ó rárá, á yọ ìbéèrè tiẹ̀ kúrò, á yọ "ẹn-ẹn" kúrò, á yọ ẹ̀rín kúrò, á yọ ibi tí aládùúgbò ti wá kí màmá kúrò, torí wọ́n ti sọ fún un pé ariwo lásán nìyẹn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, á gé e. Èyí tó jẹ mọ́ owó á lọ sábẹ́ owó, èyí tó jẹ mọ́ ọmọ á lọ sábẹ́ ọmọ, èyí tó jẹ mọ́ ìjọba á lọ sábẹ́ ìjọba, lẹ́yìn náà á mú gbólóhùn kan lára ti màmá àkọ́kọ́, méjì lára ti màmá kẹta, á tò wọ́n sí orí kẹrin, iṣẹ́ parí.

Mi ò bá ọ̀nà yẹn jà o. Tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ ni nǹkan tó ń dààmú ogójì aládìrẹ, ọ̀nà yẹn dáa, ó sì máa gbé yín débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ bí èèyàn kan ṣe la ìṣòro kọjá, bó ṣe ń to ọjọ́ ayé ẹ̀ pọ̀ kó lè yé òun fúnra ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ wá débẹ̀ gan-an lẹ ti fi ọ̀bẹ gé dà nù yẹn. Èèyàn ò kí ń gbé ayé ẹ̀ sábẹ́ àkòrí. Ohun kan ló ń bí òmíràn, ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ló jẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e dunni, ibi téèyàn bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀ àti ibi tó ti dákẹ́, ara ẹ̀rí ni gbogbo ẹ̀.

Ìtúpalẹ̀ ìtàn là ń pe ọ̀nà kejì yìí, ìyẹn kéèyàn ka ìtàn kan lódindi, kó wo bí wọ́n ṣe tò ó àti ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láàárín 1918 sí 1920 ni Thomas àti Znaniecki, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, ti gbé iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí àwọn ará Pólàǹdì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, lẹ́tà táwọn èèyàn náà kọ síra wọn ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú ìtàn ìgbésí ayé tí ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí gbogbo wa máa ń bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ wọn ni William Labov àti Joshua Waletzky, àwọn onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, ní 1967. Labov kì í da ìbéèrè gbígbẹ síwájú èèyàn. Ó máa ń bi wọ́n bóyá nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí tí wọ́n rò pé ikú ló dé yẹn, torí ó ti rí i pé tí èèyàn bá wọnú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kì í rántí láti máa ṣọ́ ẹnu ẹ̀ mọ́, á wá máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ohun tí wọ́n sì fà yọ ni pé ìtàn ara ẹni ní egungun tó gbé e dúró. Ó kéré tán, ohun méjì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, tó sì jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá yí wọn padà ìtàn náà á yí padà: "ó gba aṣọ, ó lọ" kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú "ó lọ, ó gba aṣọ". Èyí tó bá wá pé dáadáa á ní ẹnu ọ̀nà tí ẹni tó ń sọ ọ́ á ti fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn wá, á sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti àwọn tó wà níbẹ̀, á sọ wàhálà tó bẹ́, á sọ bó ṣe yanjú, á wá fà wá padà sí òní tá a jókòó sí. Èyí tó kù, tí Labov fúnra ẹ̀ kà sí pàtàkì jù, ni ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti ń jẹ́ ká mọ ìdí tí ìtàn náà fi yẹ ní sísọ, kẹ́ni tó ń gbọ́ má baà wò ó lójú kó ní "ṣé kò wá tán?"

Ẹ ṣàkíyèsí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Ta ló fẹ́ wò ó lójú? Ẹni tó ń gbọ́ ni. Àmọ́ nínú bí Labov ṣe máa ń tẹ ìtàn jáde, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹni náà, á dà bíi pé ẹnì kan dúró ó ń dá sọ̀rọ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló gbé ìyẹn yẹ̀ wò. Ní 1986 Elliot Mishler ṣàlàyé pé íntáfíù kì í ṣe kànga téèyàn ń ti inú ẹ̀ fa omi tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń béèrè àti ẹni tó ń dáhùn ló jọ ń ṣe ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ lọ́wọ́kan náà, àti pé àwa olùwádìí gan-an la sábà máa ń já ìtàn gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu torí pé a fẹ́ kó padà sí ìbéèrè wa.

Ní báyìí ẹ jẹ́ n mú yín dé Ìtòkú.

Màmá kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kó tó wọ inú aró. Àgbà ni, ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ìbéèrè tí mo bi í ò ju "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí?" Ó kọ́kọ́ tún gèlè ẹ̀ ṣe, ó wá ní, "Iṣẹ́ yìí, díẹ̀ ló kù kó já mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún kan." Mo béèrè ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí ló gbé fún mi. Ẹni tó bá ní íntáfíù gáìdì lọ́wọ́ á ti sọ pé "rárá mà, ẹ kọ́kọ́ sọ bẹ́ ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀", á sì ti pàdánù ohun tó ń bọ̀.

Ohun tó ń bọ̀ ni ti ọmọbìnrin kan tó máa ń kó aṣọ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ tà lọ́nà jíjìn. Bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ rèé, ìlà kan fún èémí kan:

"Mo kó aṣọ fún un.
Mo ní, ọjọ́ wo lo máa dé?
Ó ní, Màmá, ọjọ́ mẹ́jọ.
Mo ní, ọjọ́ mẹ́jọ? Ó ní, ọjọ́ mẹ́jọ ni mà.
Ọjọ́ mẹ́jọ pé.
Ó di oṣù.
[èmi: háà!]
Ẹ gbọ́ o.
Èèyàn á jí, èèyàn á lọ wo títì.
Èèyàn á gbé oúnjẹ síwájú, kò ní lọ.
Èèyàn á gbọ́ ìró mọ́tò, á sáré jáde.
Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tó ta aṣọ funfun fúnni láwìn?
[èmi: ẹ pẹ̀lẹ́ mà]
Ẹn.
Mo bá dìde lọ́jọ́ kan.
Mo ro ẹ̀kọ.
Mo mú ìyẹ́."

Ẹ wo "mo". Ó wà níbẹ̀ nígbà tí màmá ń kó aṣọ, ó wà níbẹ̀ nígbà tó ń béèrè ọjọ́. Bó ṣe di pé oṣù wọlé, "mo" bọ́ síta, "èèyàn" ló kù. Nǹkan náà ò sì ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn mọ́, ó di jíjí, wíwo títì, sísáré jáde, lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ṣáájú. Ìtàn dúró sójú kan bí ayé ẹ̀ ṣe dúró sójú kan. Ìgbà tó dìde tó ro ẹ̀kọ ni "mo" padà, ìgbà yẹn náà ni nǹkan tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé nǹkan. Màmá ò sọ fún mi pé gbèsè yẹn gba òun lọ́wọ́ ara òun, kò sì sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló dá òun padà. Bó ṣe to ọ̀rọ̀ ló sọ ọ́. Ẹni tó bá gé ìlà "kí lèèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tó ta aṣọ funfun fúnni láwìn" lọ sábẹ́ àkòrí "gbèsè" ti rí gbèsè lóòótọ́, ẹni tó jẹ gbèsè ni kò rí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rọ àwọn ọmọ tó ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n parí ìtúpalẹ̀ wọn lórí ohùn Yorùbá náà kí wọ́n tó ronú kan gẹ̀ẹ́sì, torí "I" á ti gorí gbogbo ìlà wọ̀nyẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀.

Ohun tó tún wá ṣẹlẹ̀ ni mo tìtorí ẹ̀ ń kọ gbogbo èyí. Ọmọ iṣẹ́ kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá, ó ń fi ìko di aṣọ tiẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀. Bí màmá ṣe dé "mo mú ìyẹ́", ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ ò sọ ti àgọ́ ọlọ́pàá." Màmá ò wo ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ò sí níbẹ̀," ó ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ.

Ìyẹn ò sí níbẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ o, kò sì sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí nínú ìtàn tí òun ń sọ fún ẹni tó wà níwájú òun yìí. Ọmọ yunifásítì tó gbé fóònù síwájú òun, tó máa lọ kọ ọ́ síwèé, irú obìnrin wo lòun fẹ́ jẹ́ níwájú ẹ̀? Ẹni tí wọ́n já kulẹ̀, tó dìde, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tún ayé ẹ̀ ṣe. Kò sí àyè fún ọlọ́pàá nínú ìyẹn.

Nígbà tó yá, tí mo tún lọ, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń tajà látìgbà èwe wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn sì tún jáde láìjẹ́ pé mo béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí àgọ́ ọlọ́pàá ló gba ìtàn náà kanlẹ̀! Bí wọ́n ṣe ní kí màmá mú ìwé ẹ̀rí pé ó kó aṣọ fún èèyàn, bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé kankan, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń ṣòwò, bí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe bá wọn fa ọ̀rọ̀ lórí káńtà, bí àwọn méjèèjì ṣe fẹsẹ̀ rìn padà sọ́jà nínú oòrùn tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Màmá á sọ ìlà kan, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á gbà á lẹ́nu ẹ̀, á sọ èyí tó kàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. "Èèyàn" ò sí nínú ìtàn yìí rárá, "àwa" ló wà níbẹ̀.

Èwo wá ni ìtàn gidi? Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo máa ń sọ fún un pé méjèèjì ni, iṣẹ́ tá a sì fẹ́ ṣe wà láàárín méjèèjì. Catherine Riessman, onímọ̀ nípa àwùjọ tí ìwé ẹ̀ ti 1993 àti ti 2008 ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa mọ̀nà, ya oríṣiríṣi ọ̀nà tá a lè gbà ka ìtàn sọ́tọ̀: èyí tó ń wo ohun tí wọ́n sọ, èyí tó ń wo bí wọ́n ṣe tò ó, èyí tó ń wo ta ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, nígbà wo, kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe fún àwọn, àti èyí tó ń wo àwòrán. Ẹ̀kẹta yẹn lèmi gbà pé ó bá ilẹ̀ wa mu jù, ibẹ̀ náà sì làwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń sá fún jù, torí ó gba pé kí olùwádìí gbé ara ẹ̀ náà sórí tábìlì.

Riessman kan náà ló kọ nǹkan kan ní 1987 tí mo máa ń ní kí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ ní pápá kọ́kọ́ kà. Obìnrin méjì tí ìgbéyàwó wọn ti tú ká ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ọ̀kan jẹ́ òyìnbó Amẹ́ríkà, ọ̀kan jẹ́ ará Puerto Rico, obìnrin òyìnbó ló sì ń bi wọ́n léèrè. Ti àkọ́kọ́ rọrùn, ó tò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ọjọ́ ṣe ń tẹ̀ lé ọjọ́, ẹni tó ń gbọ́ ń bá a lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì ò to tiẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí òmíràn ló ń gbé kalẹ̀, èyí tó so wọ́n pọ̀ kì í ṣe ọjọ́, ohun tí wọ́n jẹ́ sí i ni, ẹni tó ń gbọ́ sì sọnù sáàárín ẹ̀, ó kàn ń gbìyànjú láti fà á padà sórí ìlà tó tọ́. Obìnrin ni wọ́n, obìnrin ló ń bi wọ́n, síbẹ̀ jíjẹ́ obìnrin nìkan ò tó. Tí mo bá ka ibẹ̀, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni iye àgbàlagbà tó ti jókòó níwájú ọmọ tí wọ́n bí sílùú yìí gan-an, tó gbọ́ Yorùbá, tó sì ṣe ohun kan náà fún wọn nítorí fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kódà ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ níbí, torí àwa kì í gbọ́ ìtàn ní dídákẹ́. Àwọn ìwé tó ń kọ́ni ní rísáàṣì á ní kẹ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán, kẹ́ ẹ má fi ojú rere hàn, kẹ́ ẹ má fi ti burúkú hàn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ ní Kútọ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Kí àgbàlagbà máa sọ fún yín bí ọkọ òun ṣe kú kẹ́ ẹ sì máa wò ó láìní "háà", láìní "ẹ pẹ̀lẹ́ mà", láìní "Ọlọ́run má jẹ́ ká rírú ẹ̀", á dákẹ́ ni, á bi yín bóyá ara yín ò yá, tàbí kó rò pé wọn ò kọ́ yín nílé. Ẹni tó ń gbọ́ ń gbe orin ni. Àkọsílẹ̀ tí ohùn ẹni tó ń gbọ́ ò sí nínú ẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn tẹ lílé jáde láìsí ègbè, táwọn èèyàn wá ń ronú ìdí tí orin náà fi ń já. Ẹ padà wo àkọsílẹ̀ màmá lókè: ibi tí mo ti ní "háà" ló ti ní "ẹ gbọ́ o" tó fi wọnú ìrora ẹ̀, ibi tí mo ti ní "ẹ pẹ̀lẹ́" ló ti jáde. Èmi náà ni mo ṣílẹ̀kùn, èmi náà ni mo tì í. Ó yẹ kẹ́ni tó bá fẹ́ ka iṣẹ́ mi rí ìyẹn, kó lè dá a rò bóyá mo tètè tì í jù.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà wa kì í sábà fi ọdún pe nǹkan, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń so ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, 1972 nìyẹn. Ìgbà tá a fi pọ́n-ùn sílẹ̀ bọ́ sí náírà, 1973. Ìgbà tí wọ́n ya Ògùn sọ́tọ̀, 1976. Ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó, 1984. Olùwádìí á yára kọ ọdún síbẹ̀, á ju ìṣẹ̀lẹ̀ nù. Màmá mìíràn tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Kémta sọ pé òun ṣì ń rákò nígbà tí Aláké padà wọ̀lú. Ó rọrùn kéèyàn kọ "a bí i ní nǹkan bí 1950" kó sì kọjá. Aláké tó ń wí, Adémọ́lá Kejì, ó fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949 lẹ́yìn táwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, ti da ìlú rú nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, ó sì padà wálé lópin 1950. Obìnrin ọlọ́jà tó bá fi ìyẹn so ọjọ́ ìbí ẹ̀ mọ́lẹ̀, kì í kàn ṣe ọdún ló ń kà. Ó ń sọ ibi tí òun ti wá nínú ìlú yìí fún yín, ẹ sì máa rí i tó bá yá, nígbà tó bá dé ibi tí òun ti bá àwọn agbowó ọjà fa wàhálà, pé àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń palẹ̀ ìtàn yẹn mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú, nítorí àwọn kan ń fi ìtúpalẹ̀ ìtàn bojú ṣe ìmẹ́lẹ́. Wọ́n á ní torí pé ìtàn ni, ọ̀rọ̀ òótọ́ ò kan àwọn. Mi ò gbà rárá. Ohun tó bá wà lákọsílẹ̀, ẹ lọ wò ó. Tí màmá bá ní Aláké padà ní ọdún kan, tí ìwé sì ní ọdún mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì kẹ́ ẹ tó lè béèrè ìdí tí ti màmá fi rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń kọ nípa bí àwìn ṣe ń lọ láàárín aládìrẹ àti ẹni tó ń ta aṣọ funfun, ìtàn nìkan ò tó yín, ẹ wá ìwé àwìn wọn, ẹ bá ẹni kejì sọ̀rọ̀. Èyí tí ìtàn lè fún yín tí ìwé àwìn ò lè fún yín ni ohun tí gbèsè náà jẹ́ fún ẹni tó rù ú, àti irú èèyàn tó fẹ́ kẹ́ ẹ mọ òun sí lẹ́yìn ẹ̀.

Ìtàn tó ti di tìta gbangba ló tún ṣòro jù láti ya sọ́tọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókèèrè bí ẹni pé àdìrẹ ni ń gba ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń fọwọ́ ṣe é. Òótọ́ ni, ó sì ń dun mí. Àmọ́ nínú gbogbo ìtàn tí màmá sọ fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè, aṣọ òkèèrè ò yọjú rárá. Ìgbà tí mo wá béèrè, ohùn ẹ̀ yí padà, ọ̀rọ̀ náà dán, ó lọ geere, "ìjọba ẹ gbà wá" sì wà níparí ẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ fún àwọn oníròyìn àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba léraléra nìyẹn. Kì í ṣe irọ́. Ìtàn ẹgbẹ́ ni, ìtàn tí gbogbo wọn jọ ni. Tẹ́ ẹ bá kó o pọ̀ mọ́ ti ọmọbìnrin tó kó aṣọ lọ nínú àpò kan náà, ẹ ò ní mọ̀ pé obìnrin kan náà ń fi ohùn méjì bá èèyàn méjì sọ̀rọ̀.

"Èèyàn mélòó lẹ bá sọ̀rọ̀?" Ìbéèrè yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ difẹ́ńsì, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbèjà iṣẹ́ ẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, àwọn ọmọ á sì máa gbọ̀n. Ẹ má gbọ̀n. Ẹ fi àkọsílẹ̀ kan hàn wọ́n látòkè délẹ̀, pẹ̀lú "háà" àti ìdákẹ́ àti kọ́sítọ́mà tó wọlé, kẹ́ ẹ sì fi hàn wọ́n, ìlà lórí ìlà, bẹ́ ẹ ṣe dé ibi tẹ́ ẹ dé. Ẹni tó bá rí i lè bá yín jiyàn, ìyẹn gan-an ló dáa nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá gbólóhùn méjì tẹ́ ẹ gé jáde jiyàn.

Èyí tó ṣì ń fún mi ní wàhálà ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Tẹ́ ẹ bá gé ìtàn sí wẹ́wẹ́, ó rọrùn láti bo èèyàn mọ́lẹ̀, ìlà kan ò lè tú ẹnikẹ́ni fó. Ìtàn tó wà lódindi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yí orúkọ padà, ẹ yọ àdúgbò kúrò, Ìtòkú kì í ṣe ọjà tó tóbi débi pé wọn ò ní mọ ẹni tí wọ́n kó aṣọ ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi padà lọ ka gbogbo ohun tí mo kọ sétí màmá kó tó kúrò lọ́wọ́ mi sí ibikíbi. Ó gbọ́ ọ títí dópin. Ó ní kí n yọ ibi tí mo ti sọ nípa ilé bàbá ẹ̀, mo yọ ọ́. Ó ní ti àgọ́ ọlọ́pàá lè wà níbẹ̀ báyìí, torí ọ̀rẹ́ òun ló sọ ọ́. Mo wá ní kí n yọ orúkọ iṣẹ́ ọnà tó máa ń yà sára aṣọ náà kúrò, nítorí òun nìkan ló ń ya irú ẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ̀ fún mi. Ó ní kí n fi sílẹ̀, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé òun ni.

Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tá à ń ṣe ìwádìí lórí wọn á ní kí n yọ ọ́, wọ́n sì nídìí, pàápàá nítorí ọmọbìnrin tó kó aṣọ lọ, tí kò sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu ẹ̀, táwọn èèyàn á sì dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti mọ màmá. Màmá náà nídìí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni, ìtàn ẹ̀ ni. Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé ẹ̀dà méjì ló máa wà. Èyí tó ń lọ sí yunifásítì ò ní ní orúkọ iṣẹ́ ọnà náà nínú, bẹ́ẹ̀ náà lèyí tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí. Èkejì, Yorùbá pọ́ńbélé, tí gbogbo ẹ̀ pé síbẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn, tiẹ̀ nìyẹn. Ó ti ní kí n fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́ kí ojú òun lè ríran kà á, kí n sì mú méjì wá, torí ọ̀rẹ́ òun náà fẹ́ tiẹ̀.